Ọ̀dà Funfun Lórí Igi Jíjẹrà

Ọjọ́ Àìkú, 7 oṣù kẹsàn-án

Ọjọ́ mẹ́sàn-án ni mo jẹ ọ́, ìwé. Jẹ́ kí n san án tán ná, ká tó máa kíra.

Ọjọ́ kìíní, ọjọ́ kejì — òjò. Omi gba abẹ́ fèrèsé yàrá Màmá, ìyá ọkọ mi, wọlé, ó rin tìmùtìmù wọn níbi ẹsẹ̀. Ọjọ́ kẹta: èmi àti ọkọ mi sún bẹ́ẹ̀dì kúrò lójú fèrèsé, ó wá dí ilẹ̀kùn. Ẹni tó bá fẹ́ wọlé á fẹ̀gbẹ́ rìn bí alákàn.

Ọjọ́ kẹrin: nọ́ọ̀sì wá gbọ́ àyà Màmá nítorí ikọ́ wọn. Ó gbọ́ ọ pẹ́. Ó wo ògiri, ó wo fèrèsé, ó fà mí sí pálọ̀. Ó ní òun ò fẹ́ dẹ́rù bà mí o, àmọ́ bí òjò bá bẹ̀rẹ̀ gidi tí ìyá yìí ṣì ń sùn nínú ọ̀rinrin yìí, àyà yẹn ò ní gbà á. Kí n tún fèrèsé ṣe, àbí kí n gbé wọn lọ síbòmíì. Ibòmíì wo? Yàrá méjì àti pálọ̀ la ní, yàrá tiwa kò ju àpótí lọ. Ọdún mẹ́rìnlélógún tí mo ti fẹ́ ọmọ wọn ni ìyá ọkọ mi ti ń sọ ọ́ fún mi: ẹsẹ̀ àwọn ló gbé àwọn wọ ilé yìí, ẹsẹ̀ ẹlòmíì ni yóò gbé àwọn jáde.

Ọjọ́ karùn-ún: Káfíńtà wá. Ó ki ìka bọ igi abẹ́ fèrèsé, ìka wọlé dé oríkèé. Ó ní, "Àǹtí, eléyìí kì í ṣe igi mọ́, búrẹ́dì ni." Ti pálọ̀ náà ò sàn jù ú lọ. Ó dá iye lé fèrèsé méjèèjì. Mo ṣírò rẹ̀ bí mo ṣe máa ń ṣírò: ẹgbàá ṣẹ́ẹ̀tì. Ogójì ni mò ń lọ̀ lójúmọ́ ní ilé ìfọṣọ, àádọ́ta ọjọ́ nìyẹn, láìjẹ láìmu. Owó náà wà. Ọdún mẹ́ta ni mo fi kó o jọ. Bàbá Sùúrù ò mọ iye tó jẹ́, ta ló ní kó mọ̀?

(Ọkọ mi ni Bàbá Sùúrù. Bí iná bá ń jó orí ilé, sùúrù ló máa kọ́kọ́ sọ.)

Ọjọ́ kẹfà: Káfíńtà ní òun ò ní fọwọ́ kan nǹkan kan láìsí ìwé àṣẹ. Ọ̀rọ̀ ló sọ. Àdúgbò ilé àtijọ́ ni tiwa, òfin sì ni pé ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ yí ojú ilé tó kọ sí títì padà títí ọ́fíìsì ìjọba á fi fọwọ́ sí i. Ọ̀gbẹ́ni tó ń tún kẹ̀kẹ́ ṣe níkòríta ṣe tirẹ̀ láìgbàṣẹ lọ́dún tó kọjá. Wọ́n ní kó yọ ọ́. Ó yọ ọ́, ó san owó ìtanràn. Pákó ló fi dí ojú ibẹ̀ di òní, ọ̀sán gangan ló ń tan iná.

Ọjọ́ keje: ọ́fíìsì. Mo tò títí wọ́n fi ti fèrèsé mọ́ wa lójú. Ogún ṣẹ́ẹ̀tì wọgbó. Ọjọ́ kejọ: ọ́fíìsì. Mo ra fọ́ọ̀mù. Ọjọ́ kẹsàn-án: mo kọ ọ́. Níbi tí wọ́n ti béèrè ìdí tí a fi fẹ́ pààrọ̀ fèrèsé, mo kọ: Ó ti jẹrà. Àyè ṣì ṣẹ́kù.

Mo ti san gbèsè. O kú ìrọ̀lẹ́, ìwé.

Ọjọ́ Ajé, 8 oṣù kẹsàn-án

Mo fi fọ́ọ̀mù sílẹ̀. Obìnrin tó ń gba ìwé níbẹ̀, Ìyá Òǹtẹ̀ ni mo sọ ọ́. Bó bá gbá òǹtẹ̀ mọ́lẹ̀, gbogbo wa tó wà lórí ìlà ló ń fò. Ó ní ọkùnrin kan máa wá fi ojú ara rẹ̀ wo fèrèsé, wọ́n á fi iṣẹ́ ránṣẹ́ sórí fóònù. Mo ní ìgbà wo? Ó ní, "Nígbà tí ẹ bá rí i lórí fóònù, ìyá." Ó dáa. Mo bi í tán.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 9

Òjò. Bọ́kẹ́ẹ̀tì méjì àti abọ́ kan.

Ọjọ́bọ̀, 11 oṣù kẹsàn-án

Iṣẹ́ ti dé sórí fóònù: ọkùnrin náà ń bọ̀ ní Ọjọ́rú, ọjọ́ kẹtàdínlógún. Ọjọ́ mẹ́fà péré. Bàbá Sùúrù wà nínú ìsinmi ọ̀sẹ̀ méjì níbi iṣẹ́ rẹ̀, ìyẹn dára. Ó ní, "Ó máa wá, ó máa wò ó, ó máa lọ. Sùúrù."

Ọjọ́ Ẹtì, 12

Màmá ti gbọ́ pé ẹni ìjọba ń bọ̀. Ikọ́ wọn dúró wákàtí kan gbáko, ìbínú ò jẹ́ kí wọ́n ráyè wúkọ́.

"Ẹni ìjọba? Nínú ilé yìí? Pẹ̀lú fèrèsé tó rí báyìí?"

Mo ní, "Màmá, torí fèrèsé náà ló ṣe ń bọ̀."

Wọ́n ní, "Mo gbọ́. Ṣé torí pé dókítà ń bọ̀ wá wo ìdí ẹni lèèyàn ò ṣe ní wẹ̀?"

Ká má parọ́, ohun tó wà lọ́kàn tèmi náà nìyẹn. Gbogbo òní, bí mo ṣe ń ti áyọ́ọ̀nù síwájú sẹ́yìn, mò ń rí ọkùnrin náà tó jókòó sí ọ́fíìsì, tó ń sọ fún Ìyá Òǹtẹ̀ pé àwọn ará ilé yẹn, ọ̀bùn ni wọ́n. Orúkọ ọkọ mi sì wà lókè fọ́ọ̀mù, tèmi wà nísàlẹ̀.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 13 oṣù kẹsàn-án

Ọ̀dà funfun, agolo kan. Pọ́tì tí wọ́n fi ń dí ihò igi. Bébà ìfági. Búrọ́ọ̀ṣì méjì. Gbogbo rẹ̀, àádọ́ta ṣẹ́ẹ̀tì ó lé mẹ́ta. Mo ná an láìṣépè.

Ìwé, wá wo Bàbá Sùúrù! Ọdún mẹ́fà ni mo fi bẹ ọkùnrin yìí nítorí ilẹ̀kùn kíṣìnnì. Lónìí, kí n tó fọ abọ́ tán, ó ti ha gbogbo igi rírà kúrò, ó ti fi pọ́tì dí ihò, ó ti fá a, ó tún dí i. Ó ń súfèé. Kò sí ibi tí o fẹ́ fọwọ́ kàn tí o máa fi mọ̀ pé ihò wà níbẹ̀ rí. Mo ní, "Ṣé ẹ̀yin náà lẹ ń ṣe báyìí?" Ó ní, "Ọkùnrin ìjọba ń bọ̀ wá wo iṣẹ́ ọwọ́ mi."

Ọjọ́ Àìkú, 14

Èmi ni mo kùn ún. Ìgbà méjì, kó lè gbà dáadáa. Mo fọ kọ́tìnì, mo lọ̀ ọ́ bí mo ṣe ń lọ ti àwọn oníbàárà ńlá. Fèrèsé méjèèjì ń dán bí eyín ìyàwó tuntun. Aránṣọ tó wà ní ojúkojú wa pariwo láti òdìkejì títì: "Ẹ kú oríire fèrèsé tuntun o!" Mo rẹ́rìn-ín. Inú mi dùn, mi ò ní tan ọ́.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 16

A ti dá bẹ́ẹ̀dì padà sójú fèrèsé. Kò yẹ kí àlejò máa fẹ̀gbẹ́ wọlé.

Ọjọ́rú, 17 oṣù kẹsàn-án

Ó wá. Aago mẹ́wàá kọjá ìṣẹ́jú márùn-ún. Ọjọ́ orí àbúrò mi tó kéré jù, bàtà dídán, téèpù ìwọnlẹ̀ há sí ìgbànú bí ìbọn. Alátéèpù ni mo sọ ọ́. Ó bọ́ bàtà lẹ́nu ọ̀nà láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni ní kó bọ́ ọ. Mo ti fẹ́ràn rẹ̀ níbẹ̀.

Ó wọn ọ̀ọ́ró, ó wọn ìbú. Ó fi oríkèé ìka kan igi: kó, kó, kó. Pọ́tì Bàbá Sùúrù dá a lóhùn bí òkúta. Ó bi mí bóyá omi ń wọlé.

Mo ní, "Díẹ̀díẹ̀ ni, kò fi bẹ́ẹ̀ pọ̀."

Báwo ni mo ṣe fẹ́ kojú àlejò kí n sọ fún un pé òjò ń bá ìyá ọkọ mi sùn?

Ó yíjú sí Màmá. Wọ́n ti wọ aṣọ ìjáde, wọ́n jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì bí ẹni tí wọ́n fẹ́ ya fọ́tò. Ó ní, "Màmá àgbà, ara ńkọ́?" Wọ́n ní, "Ara le koko, ọmọ mi." Ogún ìṣẹ́jú ló lò, wọn ò wúkọ́ lẹ́ẹ̀kan. Mò ń wò wọ́n. Ọwọ́ wọn di orí bẹ́ẹ̀dì mú, ojú wọn pọ́n, ọrùn wọn ń lọ sókè sódò. Wọ́n ń gbé e mì. Bí ilẹ̀kùn ṣe pa dé lẹ́yìn ọkùnrin náà báyìí, ó tú jáde. Wọ́n wúkọ́ títí wọ́n fi jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀.

Nígbà tí ohùn wọn padà, wọ́n ní, "Ṣé kò gbọ́?"

Mo ní, "Kò gbọ́, Màmá."

"Ó dáa bẹ́ẹ̀."

Ohun tó sọ fún mi lẹ́nu ọ̀nà rèé, mo kọ ọ́ kí n má baà gbàgbé: "Ìyá, ẹ kú ìtọ́jú ilé. Ó pẹ́ tí mo ti rí ilé àtijọ́ tí wọ́n tọ́jú báyìí."

Gbogbo wa ló ń rẹ́rìn-ín títí di ìrọ̀lẹ́.

Ọjọ́ Ẹtì, 19

Òjò. Omi gba abẹ́ ọ̀dà wọlé bí ẹni tó ní kọ́kọ́rọ́. Bẹ́ẹ̀dì ti padà sẹ́nu ilẹ̀kùn.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 23 oṣù kẹsàn-án

Káfíńtà yà wá sọ pé òun ti ra igi sílẹ̀, òun á gbé iye tí a jọ sọ dúró di ọjọ́ kọkànlá oṣù tó ń bọ̀, lẹ́yìn ìyẹn igi ti gbówó lórí. Ó wọ yàrá Màmá. Ó wo fèrèsé. Ó wò mí. Ó tún wo fèrèsé.

"Àǹtí, ta ló ṣe èyí?"

"Èmi àti Bàbá ni."

"Kí ẹni ọ́fíìsì tó wá ni, àbí lẹ́yìn tó lọ?"

"Kó tó wá."

Ó jókòó sórí àpótí irinṣẹ́ rẹ̀. Ó wá ní, "Àǹtí, èmi tí mò ń ṣe fèrèsé tà yìí, bí mo bá gba títì kọjá tí mo rí eléyìí, mi ò ní kanlẹ̀kùn yín rárá."

Ìgbà yẹn ló tó wọ̀ mí létí. A fi aṣọ tó dáa jù bo egbò, a wá ń retí kí oníṣègùn kọ oògùn.

Ọjọ́rú, 24

Kọ́là ṣẹ́ẹ̀tì kan jó mọ́ mi lọ́wọ́. Ọdún mọ́kànlá tí mo ti wà nídìí áyọ́ọ̀nù, ìkejì rèé.

Ọjọ́bọ̀, 25 oṣù kẹsàn-án

Lẹ́tà dé. Mo ṣí i lórí ìdúró. Mo dà á kọ síbí bó ṣe wà:

"A ti yẹ fèrèsé méjèèjì wò. Ipò wọn dára, ìtọ́jú wọn sì péye. A kò rí ìdí tí ó fi yẹ kí a pààrọ̀ wọn. A kò fọwọ́ sí ìbéèrè yín." Nísàlẹ̀: bí a bá ní ọ̀rọ̀ tuntun, kí a kọ ọ́ wá láàárín ọjọ́ mẹ́rìnlá.

Mo kà á lẹ́ẹ̀mẹta, bóyá ẹ̀kẹta á yàtọ̀.

Màmá pariwo láti yàrá: "Kí ni wọ́n wí?"

Mo ní, "Wọ́n ní fèrèsé wa dára."

"Ṣé o rí i? Mo sọ fún ọ pé ká tún un ṣe." Inú wọn dùn. Mo lọ yọjú. Bọ́kẹ́ẹ̀tì tó wà lábẹ́ fèrèsé ni wọ́n ń wò.

Ọjọ́ Ẹtì, 26

Ìjà. Bàbá Sùúrù gbé irin, ó ní òun máa ha gbogbo ọ̀dà yẹn kúrò lónìí olónìí. Mo dì í lọ́wọ́ mú. Bó bá ha á, tí wọ́n bá tún wá, wọ́n á ní àwa la ba fèrèsé tó dáa jẹ́. Lẹ́tà tiwọn fúnra wọn á jẹ́rìí sí i pé ó dáa! Káfíńtà fi iṣẹ́ ránṣẹ́ pé ká la òkúta mọ́ gíláàsì. Mo ṣírò ìyẹn náà: bí gíláàsì bá fọ́, gíláàsì ni wọ́n á ní ká pààrọ̀. Igi á wà níbẹ̀, á máa rà lọ. Owó gíláàsì á gba ẹ̀yìn lọ.

Ọkọ mi ní, "Ó dáa, sùúrù náà ni."

Mo ní, "Sùúrù tí ẹ ò ní lọ́jọ́ tí ẹ ń fi pọ́tì dí ihò!"

Ó ní, "Ta ló lọ ra pọ́tì?"

Màmá wúkọ́ láti yàrá.

Ọjọ́ Ajé, 29 oṣù kẹsàn-án

Ọ́fíìsì. Mo ní kí ọ̀gá mi má wulẹ̀ retí mi títí di ọ̀sán. Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún Ìyá Òǹtẹ̀, ojú mi nílẹ̀. Mo rò pé ó máa lé mi. Ẹ̀rín ló rín. Ó rín in títí ó fi bọ́ gíláàsì ojú rẹ̀, tó ń fi etí aṣọ nu ún.

Ó ní, "Ìyá, ọdún mẹ́tàdínlógún rèé tí mo ti jókòó síbí. Omi lèèyàn ń dà sí ògiri kí ènìyàn wa tó dé. Wọ́n á ba tiwọn jẹ́, wọ́n á máa sunkún dúró de ènìyàn wa. Ẹ̀yin nìkan lẹ ṣe é lọ́ṣọ̀ọ́!"

Mo ní, "Àlejò ń bọ̀ ni."

Ẹ̀rín kúrò lẹ́nu rẹ̀. Ó yí fọ́ọ̀mù sí ẹ̀yìn, ó fi bírò tọ́ka sí ìlà kan tí lẹ́tà rẹ̀ kéré bí èèrà. Mo kà á. Ẹni tó bá kọ fọ́ọ̀mù, tó sì bo ipò ilé mọ́lẹ̀ lójú ẹni tó wá yẹ̀ ẹ́ wò, á san owó ìtanràn, kò sì ní lè kọ fọ́ọ̀mù mìíràn títí ọdún kan á fi pé.

Ọdún kan.

Ó sún mọ́ mi lójú ihò gíláàsì. "Bí ẹ bá kọ òótọ́, wọ́n lè tún un wò. Wọ́n sì lè fi ìlà yìí mú yín. Mi ò ní kí ẹ kọ ọ́ o. Mi ò sì ní kí ẹ má kọ ọ́. Ẹni tó kàn!"

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 30 oṣù kẹsàn-án

Nọ́ọ̀sì tún wá. Mo bi í, bó bá di ọdún tó ń bọ̀ ńkọ́? Ó ń ká okùn tó fi ń gbọ́ àyà, ó ká a pẹ́ ju bó ṣe yẹ lọ.

Mo ṣírò. Bí mo bá panu mọ́: kò sí ìtanràn, kò sí fèrèsé. Bí mo bá sọ̀rọ̀: bóyá fèrèsé, bóyá ìtanràn àti ọdún kan. Gbogbo ìṣírò ayé mi, ọ̀nà kan máa ń wọ́n ju èkejì lọ, màá mú èyí tí kò wọ́n. Eléyìí ò gbọ́ ìṣírò. Àyà Màmá ò ní iye ṣẹ́ẹ̀tì.

Mo kọ ọ́. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo kọ ọ́ tí mo fà á ya. Mò ń kà á sókè bí mo ṣe ń kọ ọ́, kí n lè mọ ibi tó ti wọ́. Eléyìí tó dúró rèé:

"Ẹ̀yin ọ̀gá mi. Fèrèsé wa ti jẹrà. Ó ti jẹrà kí ènìyàn yín tó wá. Èmi ni mo fi pọ́tì dí i tí mo sì kùn ún, torí pé àlejò ń bọ̀, mi ò fẹ́ kí ojú tì wá. Mo sọ fún un pé omi tó ń wọlé ò pọ̀. Ó pọ̀. Ìyá arúgbó ń sùn sábẹ́ rẹ̀. Mo mọ ohun tó wà lẹ́yìn fọ́ọ̀mù. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún wá wò ó."

"Èmi" ni mo kọ, mi ò kọ "àwa". Ẹ̀bi náà ò wúwo ju orí kan lọ. Mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni nínú ilé.

Ọjọ́rú, 1 oṣù kẹwàá

Mo lọ fi lẹ́tà sílẹ̀ ní ọ́fíìsì. Ìyá Òǹtẹ̀ kà á, kò rẹ́rìn-ín. Ó gbá òǹtẹ̀ mọ́ ọn. Ó ti kúrò lọ́wọ́ mi.

Ọjọ́bọ̀, 2

Ìgbà mẹ́wàá ni mo wo fóònù níbi iṣẹ́. Wọn ò tíì fi nǹkan kan ránṣẹ́.

Ọjọ́ Ẹtì, 3

Iṣẹ́ dé sórí fóònù. Alátéèpù ń bọ̀ lọ́jọ́ Ajé. Wọn ò sọ bóyá fèrèsé ló ń bọ̀ wá wò, àbí èmi.

Ọjọ́ Àìkú, 5 oṣù kẹwàá

Mo pàṣẹ pé ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ gbálẹ̀. Kí bẹ́ẹ̀dì dúró sẹ́nu ilẹ̀kùn. Kí bọ́kẹ́ẹ̀tì dúró níbi tó wà. Màmá wò mí bí ẹni tó ń wo wèrè tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀.

Mo ní, "Màmá, bí ikọ́ bá sì ń bọ̀ lọ́la, ẹ jẹ́ kó wá."

"Níwájú àlejò?"

"Níwájú rẹ̀ gan-an."

Wọ́n yíjú sí ògiri. Mo rí i pé wọ́n ti fọwọ́ nu orí tábìlì wọn ní bòókẹ́lẹ́. Mo fi sílẹ̀. Èèyàn ò lè gba gbogbo rẹ̀ lọ́wọ́ arúgbó.

Ọjọ́ Ajé, 6 oṣù kẹwàá

Alátéèpù dé.

Ó tún bọ́ bàtà. Ó fẹ̀gbẹ́ wọlé. Ìbọ̀sẹ̀ rẹ̀ tẹ omi, ó wolẹ̀. Lẹ́tà mi wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó há a mọ́ fáìlì. Lọ́tẹ̀ yìí kò fi ìka kan igi. Ó yọ irin tín-ín-rín kan ẹlẹ́nu ṣóńṣó, ó gbé e lé orí ọ̀dà funfun mi, ó tì í. Ó wọlé. Ó wọlé títí ó fi ku ibi ìdìmú. Nígbà tó fà á yọ, omi aláwọ̀ ilẹ̀ tẹ̀ lé e, ó ń ṣàn lórí ọ̀dà wálẹ̀. Ó ṣe é níbi márùn-ún. Kò wò mí.

Ó wá ṣí fáìlì. Ohùn rẹ̀ ti yí padà, ohùn ìwé ni. "Mo gbọ́dọ̀ kọ orúkọ ẹni tó kùn ún. Ta ni?"

Kí n tó la ẹnu, Màmá ní, "Èmi ni."

Mo ní, "Màmá!"

Bàbá Sùúrù yọ orí láti ẹnu ọ̀nà, kò ráyè wọlé: "Ọ̀gá, ẹ má dá wọn lóhùn. Èmi ni mo fi pọ́tì dí i."

Mo ní, "Ó wà nínú lẹ́tà pé èmi ni. Lẹ́tà náà rèé lọ́wọ́ yín."

Ọkùnrin náà wo àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ó ní, "Ẹni mélòó lẹ wà nínú ilé yìí?"

"Mẹ́ta."

"Ìyẹn ni pé kò tíì sí ẹni tí ò kùn ún."

Ó yíjú sí Màmá. "Màmá àgbà, ẹ gun àga lẹ fi dé òkè yẹn?"

"Mo gùn ún." Ẹni ọdún mọ́kànlélọ́gọ́rin! Ọdún mẹ́ta rèé, wọn ò gun ohun tó ju bẹ́ẹ̀dì lọ. Wọn ò ṣẹ́jú. "Ilé ọmọ mi ni. Mo rí i pé ó dọ̀tí, mo kùn ún. Ìyàwó yìí ò sí nílé, ó wà níbi iṣẹ́."

Ibẹ̀ ni ikọ́ ti dé. Mo rí i tó ń bọ̀. Wọ́n fẹ́ gbé e mì, ọwọ́ wọn ti di orí bẹ́ẹ̀dì mú — wọ́n wò mí — wọ́n wá jẹ́ kó jáde. Ìwé, ó pẹ́. Ó pẹ́ débi pé bírò ọkùnrin náà wà lófuurufú, kò kọ nǹkan kan. Nígbà tó rọlẹ̀, òun fúnra rẹ̀ ló gbé ife omi, tó dì í mú sí wọn lẹ́nu.

Ó wá jókòó sí etí bẹ́ẹ̀dì, ó kọ̀wé. Ó kọ ọ́ pẹ́. Mo na ọrùn. Ó fi apá bò ó bí ọmọ iléèwé tó ń bo ìṣirò. Ó ní kí ẹni tó kùn ún fọwọ́ sí i. Ọwọ́ mẹ́ta ló nà. Màmá ló gbé bírò fún.

Nígbà tó ń di fáìlì, mi ò rí lẹ́tà mi nínú rẹ̀. Mo ṣọ́ ọ dáadáa. Ó ti ká a ní méjì, ó ti fi sápò àyà.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 7 oṣù kẹwàá

Mo bi Màmá léèrè ìdí tí wọ́n fi parọ́ yẹn. Wọ́n ń jẹ búrẹ́dì, wọ́n rọra ń fi omi gbóná rẹ̀ ẹ́.

Wọ́n ní, "Ṣé ẹni tó bá kọ fọ́ọ̀mù ni wọ́n ní wọ́n á dè lọ́dún kan, àbí kì í ṣe bẹ́ẹ̀? Ṣé mo kọ fọ́ọ̀mù ni? Kí wọ́n dè mí. Kí ni mo fẹ́ fi fọ́ọ̀mù ṣe?"

Mo ní, ta ló sọ fún wọn? Mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni.

"Ìwọ tí o ń ka lẹ́tà sókè bíi ọmọ ìwé kìíní. Lẹ́yìn náà mo ní kí ọkọ ẹ ka ẹ̀yìn ẹ̀dà fọ́ọ̀mù tó wà nílé fún mi. Fèrèsé ló jẹrà, Ìyàwó. Etí mi ò tíì jẹrà."

Ọdún mẹ́rìnlélógún ni mo ti ń pe ara mi ní ọlọ́gbọ́n nínú ilé yìí.

Àmọ́ ọkàn mi ò balẹ̀. Lẹ́tà mi ti gba òǹtẹ̀, Ìyá Òǹtẹ̀ á ti kọ nọ́ńbà rẹ̀ sínú ìwé ńlá rẹ̀. Ó sọ pé èmi ni. Ìwé tí Màmá fọwọ́ sí sọ pé àwọn ni. Bí ìwé méjèèjì bá pàdé lórí tábìlì kan, òpùrọ́ méjì ni wọ́n á bá nínú ilé kan, wọ́n á sì ti fáìlì wa pa. Bí lẹ́tà bá dúró sínú àpò àyà yẹn, a ti bọ́. Mi ò mọ ìdí tó fi kó o síbẹ̀. Bóyá àánú ni. Bóyá ó fẹ́ lọ fi han ọ̀gá rẹ̀ lọ́tọ̀. Ó tún lè jẹ́ pé ọwọ́ rẹ̀ kún ni. Gbogbo òní ni mo fi ń wo àpò àyà ṣẹ́ẹ̀tì tí mò ń lọ̀, bíi pé ó wà nínú ọ̀kan nínú wọn.

Mo pe ọ́fíìsì nígbà ìsinmi ọ̀sán. Ìyá Òǹtẹ̀ mọ ohùn mi. Mo bi í nípa lẹ́tà. Ó ní, "Lẹ́tà wo?" Mi ò mọ̀ bóyá ó gbàgbé ni, àbí ó ń kọ́ mi ní bí wọ́n ṣe ń dáhùn.

Ó ní wọ́n máa jókòó lé ọ̀rọ̀ ilé wa lórí lọ́la. Ọ̀túnla ni èsì: Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹsàn-án, kí aago méjì tó lù. Bí wọ́n bá gbà, ó máa ku ọjọ́ méjì kí iye tí Káfíńtà gbé dúró tó gòkè.